Wọ́n Ta Orúkọ Yín ní Ọgọ́rùn-ún Náírà

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn olùdìbò Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun sọ. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹni tí kò ráàyè wá, àti fún ẹni tó wá tó sì fẹ́ kà á fún ará ilé rẹ̀.

Ọmọ yín ni mo jẹ́. Ọmọ kì í sì í pe àgbà jọ kó wá máa sọ ìsọkúsọ. Ẹ fetí sílẹ̀ fún mi díẹ̀.

Bí olóṣèlú bá dé, ọ̀rọ̀ títì, omi, iná àti ilé ìwòsàn ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwa náà ń sọ ọ́, a ó sì tún máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni mo gbé wá lónìí. Nǹkan ọ̀hún wà lápò yín bí ẹ ti jókòó yìí. Fóònù yín ni. Ó tún kan nọ́ńbà NIN tí ìjọba ní kí ẹ gbà, BVN tí ẹ gbà ní báńkì, ìka tí ẹ tẹ̀, àti ojú yín tí wọ́n yà sínú ẹ̀rọ. Ta ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀? Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyẹn.

A KÓ ẸRÙ FÚN WỌN ṢỌ́

Ẹ ò tíì gbàgbé oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé ẹni tí kò bá so nọ́ńbà NIN mọ́ síìmù rẹ̀, àwọn yóò ti ìlà rẹ̀ pa. Àrùn kòrónà wà níta, síbẹ̀ èèyàn ń tò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Arúgbó tò, aboyún tò. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n mú àṣẹ náà ṣẹ: ìlà tó lé ní mílíọ̀nù 70 ni wọn kò jẹ́ kó lè pe ẹnikẹ́ni mọ́, àfi tí ẹni tó ni ín bá lọ so ó.

A ṣe tiwa. A sọ orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa, ilé tí à ń gbé, ìlú tí a ti wá. A tẹ̀ka, wọ́n sì ya ojú wa. Ẹni tó bá gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó ní kí á fi ọkàn balẹ̀, ṣé kò yẹ kó ṣọ́ ẹrù náà?

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣọ́ ọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn akọ̀ròyìn FIJ gbé e jáde pé ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta àkọsílẹ̀ NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ariwo ta, ìjọba ní àwọn máa wádìí. Kò pé oṣù mẹ́rin, ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, àwọn olùwádìí tí wọ́n ń pè ní Paradigm Initiative, tí wọ́n wà ní Yábàá ní Èkó, tún kígbe síta pé ìsọ̀ mìíràn ti ṣí. NIN wà níbẹ̀, BVN wà níbẹ̀. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń tà á? ₦100. Owó tí kò lè ra ìgò omi kan.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, àwọn olùwádìí yìí san owó bí oníbàárà, wọ́n sì ra ìwé NIN Mínísítà tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n tún ra ti ọ̀gá àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àkọsílẹ̀ aráàlú. Bí wọ́n bá lè ta Mínísítà ní ₦100, èló ni wọ́n máa ta ìyá eléèlùbọ́ ní ọjà Ìlobùú? Èló ni wọ́n máa ta àgbẹ̀ ọ̀nà oko Ifọ́n?

Àjọ NIMC, tí NIN wà lọ́wọ́ wọn, ní ẹnikẹ́ni kò já àwọn lólè, pé ibi ìpamọ́ àwọn wà digbí. Ó dáa, a gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá wà digbí, ọ̀nà wo ni ẹrù gbà dé ọjà?

IBI TÍ Ó TI Ń DUNNI

Ẹnì kan lè sọ pé, “Èmi tí mi ò ní kọ́bọ̀ ní báńkì, kí ni olè fẹ́ fi nọ́ńbà mi ṣe?” Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́ lè wá ọgbọ́n fi orúkọ yín gba síìmù. Ó fi síìmù náà lu èèyàn ní jìbìtì, ó sì sọ ọ́ nù. Nígbà tí ọlọ́pàá bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ta ni wọ́n máa bá a dé? Tiyín ni.

Èkejì, gbájúẹ̀ máa pe ìyá àgbà. Kò ní pè é bí àlejò. Ó mọ orúkọ rẹ̀ láti orí dé ìdí, ó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó mọ àdúgbò rẹ̀. “Màmá, báńkì yín ló ń pè, ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún wa.” Ta ni kò ní gbàgbọ́? Kí ìyá tó sọ̀kalẹ̀ lórí ìjókòó, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Èkó ti fò lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Wọ́n á yá ọ ní ₦5,000, wọ́n á sì ti kó gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ. Bí o bá fi ọjọ́ kan pẹ́, wọ́n á kọ̀wé sí àna rẹ, sí pásítọ̀ rẹ, sí àlùfáà rẹ, pé olè ni ọ́. Àwọn aráàlú pariwo ọ̀rọ̀ yìí títí tí àjọ NITDA fi bu ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ Soko Loan lórí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC lọ ká irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà.

Àwa Yorùbá, ẹ jẹ́ ká ronú sí i: àdúrà wo ni à ń gbà jù? “Ọlọ́run, bo àṣírí mi.” Olówó ń gbà á, tálákà ń gbà á. Ẹ̀tọ́ tí mo ń sọ yìí, kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Ó ti wà nínú àdúrà wa kí fóònù tó dé.

ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ YÌÍ, TA NI WỌ́N?

Ẹ ti mọ ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Nígbà tí gbogbo wa bá sùn, òun ń rìn. Bó bá rí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan gbàgbé láti tì, ó á kan ilẹ̀kùn, ó á pe onílé. Iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí yìí ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í gbé ìbọn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń wádìí ibi tí àkọsílẹ̀ wa ń gbà jò, ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ wa gbọ́, àti òfin tí ìjọba ń ṣe láti fi dí wa lẹ́nu. Paradigm Initiative tí mo dárúkọ, ọmọ Nàìjíríà kan, Gbenga Sesan, ló dá a sílẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní Londa, tó ń sọ bí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń tọ́jú ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn wà ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, wọ́n ń pè wọ́n ní Citizen Lab. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ wọn méjì tó kàn wá.

Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Tógò, nítòsí wa níbí. Ní ọdún 2019, ẹ̀rọ amí kan tí ilé-iṣẹ́ Ísírẹ́lì kan ń tà fún àwọn ìjọba, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pegasus, gba orí WhatsApp lọ ká àwọn èèyàn bí 1,400 mọ́ káàkiri ayé. Bí ẹ̀rọ náà bá ti wọ fóònù rẹ, ohun tí o kọ, ohun tí o sọ, ibi tí o lọ, gbogbo rẹ̀ ni ẹlòmíràn ń rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Citizen Lab jẹ́ kí ayé mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà kan ní Tógò wà lára wọn, àti àlùfáà kan, àti àwọn olóṣèlú ẹgbẹ́ alátakò. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù? Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ pé kí ìjọba ṣe àtúnṣe.

Èkejì kan Nàìjíríà gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n kọ ọ́ pé ó jọ pé àwọn ológun alámìí orílẹ̀-èdè yìí wà lára àwọn oníbàárà ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Circles. Ẹ̀rọ yẹn kò nílò kí ó fọwọ́ kan fóònù yín kó tó mọ ibi tí ẹ wà àti ẹni tí ẹ pè. Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn Premium Times ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àwọn gómìnà kan ná owó ìpínlẹ̀ wọn rẹpẹtẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, láti fi ṣọ́ àwọn tó ń bá wọn díje. Owó omi, owó títì, òun ni wọ́n fi ń ra etí tí wọ́n ń fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Èmi náà mọ̀ pé ajínigbé wà, olè wà. Ó yẹ kí ìjọba ní ohun tí yóò fi lé wọn bá. Ṣùgbọ́n kí adájọ́ fọwọ́ sí i kó tó ṣe é, kí àwọn aṣòfin sì mọ iye tó ná. Ajá tí a rà láti máa gbó olè, kò yẹ kí ó máa bu onílé jẹ.

ẸNI TÓ BÁ MỌ ÀÀLÀ

Ẹ̀yin ará Ìlobùú àti Ifọ́n, kò sí ẹni tó lè kọ́ yín ní ohun tí ààlà jẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ṣì wà lọ́kàn gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dé, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé láti Ìlobùú dé Ifọ́n dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ọjà dákẹ́, ilé-ìwé dákẹ́. Mi ò wá dá ẹjọ́ ilẹ̀ o. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ àti àwọn àgbà nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí a rò papọ̀ ni èyí.

Nínú àkọsílẹ̀ NIN, ilé tí ẹ ń gbé wà níbẹ̀, ìlú tí ẹ ti wá náà wà níbẹ̀. Ìyàwó ará Ìlobùú pọ̀ ní Ifọ́n, ọmọ Ifọ́n pọ̀ tó kọ́lé sí Ìlobùú. Lọ́jọ́ tí inú bá ń bí àwọn èèyàn, bí ẹni ibi bá lè fi ₦100 mọ ìlú tí aládùúgbò rẹ̀ ti wá àti ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọ̀rọ̀ owó báńkì?

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ayé rí. Ní Rùwáńdà, àwọn òyìnbó Bẹ́líjíọ̀mù tó jọba lé wọn lórí ló kọ ẹ̀yà oníkálùkù sára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ogun dé ní ọdún 1994, káàdì yẹn ni wọ́n ń gbà wò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n máa pa. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, ẹ̀mí tó tó 800,000 ṣòfò. Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yẹn kò ní sọ mọ́ pé káàdì lásán ni.

Ààlà wà yí oníkálùkù wa ká, òfin ló sì gbìn ín. Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 37, sọ pé àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù, ó gbọ́dọ̀ ní ààbò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò àkọsílẹ̀ aráàlú. A ò ní purọ́ mọ́ ọn, ohun tó dára ni. Òfin yẹn fún yín lágbára láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kí ẹ ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa á rẹ́ bí wọn kò bá ní ìdí kankan láti tọ́jú rẹ̀ mọ́. Bí àkọsílẹ̀ bá jò lọ́nà tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ náà ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí.

Ṣùgbọ́n ẹ ka oṣù. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin. Oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ń tà wá ní ₦100. Òfin tí kò sí ẹni tó ń mú un ṣẹ dà bí ère tí àgbẹ̀ gbé sínú oko láti fi dẹ́rù ba ẹyẹ. Bó bá yá, orí ère náà ni ẹyẹ ń bà lé.

Òfin sì lè ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2024, FCCPC bu ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta, àwọn tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí bí wọ́n ṣe lo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Meta pe ẹjọ́, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Bí a bá lè mú àgbà òṣìkà tó wà ní òkè òkun, kí ló dé tí a kò lè mú èyí tó wà nínú ilé?

Àwọn aláṣẹ ti ní àǹfààní tẹ́lẹ̀. Àwọn aṣòfin gbé òfin ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Ilé Aṣojúṣòfin fọwọ́ sí i ní ọdún 2017, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ní ọdún 2018. Ààrẹ Buhari kọ̀, kò fọwọ́ sí i, ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba kan náà ti Twitter pa mọ́ wa lójú, títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbé wọn lọ sí Kóòtù ECOWAS, kóòtù sì dájọ́ ní oṣù Keje ọdún 2022 pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu.

ÀWA OLÓṢÈLÚ ŃKỌ́?

Ẹ má rò pé mo máa fo èyí. Àwọn olóṣèlú náà jẹ̀bi. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn The Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù tú u síta pé ọlọ́rọ̀ ọmọ Nàìjíríà kan gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Cambridge Analytica nínú ìbò Ààrẹ ọdún 2015. Fídíò tó kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ìbẹ̀rù wà lára ohun tí wọ́n fi polongo. Ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ni Facebook gbà pé ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ èèyàn mílíọ̀nù 87 ti bọ́ sí lọ́wọ́.

Ní tiwa níbí, bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹnì kan á wá pẹ̀lú ìwé àti bírò: “Ẹ mú káàdì ìdìbò yín wá kí á kọ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà báńkì wá. Ìrẹsì ń bọ̀.” Ẹ má fún un. Òfin Ìbò ka títa àti ríra káàdì ìdìbò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Bí ẹni tó wọ fìlà ẹgbẹ́ tiwa gan-an bá béèrè, ẹ má fún òun náà. Kí ẹ wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn wá.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE, ÀTI OHUN TÍ Ẹ Ó BÉÈRÈ

Nínú ilé yín, ẹ ṣe mẹ́rin yìí:

1. Nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni. Báńkì kì í béèrè rẹ̀.
2. Ẹ má fi ìwé NIN yín sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà, ẹ má sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp.
3. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín fi nọ́ńbà àṣírí ti WhatsApp yín, kí olè má baà gbà á.
4. Bí ìlú bá dàrú, ohùn tàbí fọ́tò tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ má tì í síwájú. Ẹ fi sílẹ̀ kó kú sọ́wọ́ yín.

Bí olùdíje bá sì dé iwájú yín, tiwa tàbí tàwọn ẹlòmíràn, ẹ bi í ní mẹ́rin yìí kí ẹ tó pàtẹ́wọ́:

1. Orúkọ wa tó wà ní ilé ìwòsàn, ní ilé-ìwé àti lórí ìwé ìrànwọ́, ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló sì lè rí i?
2. Bí ó bá jò, ṣé ẹ máa sọ fún wa, àbí a ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùwádìí?
3. Ṣé ẹ máa fi owó ìpínlẹ̀ ra ẹ̀rọ amí? Bí ẹ bá máa rà á, ṣé àwọn aṣòfin máa mọ̀?
4. Akọ̀ròyìn tàbí olùwádìí tó bá tú àṣírí yín, ṣé ẹ máa gbọ́ tirẹ̀, àbí ọlọ́pàá lẹ máa rán sí i?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó padà lọ kọ́ ọ wá. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lóru, onílé ni kì í jẹ́ kí wọ́n lù ú. Àwọn olùwádìí yìí kò ní ọmọ ogun. Ìbò yín ni ọmọ ogun wọn.

Àṣírí wa kò ní tú o.